Ọ̀gá Tó Fún Ara Rẹ̀ Ní Máàkì

Bí ẹ bá fẹ́ mọ bí ènìyàn ṣe lè fi ẹnu ara rẹ̀ lé ara rẹ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́, láìsí ọ̀tá, láìsí pé ẹnikẹ́ni dìtẹ̀ mọ́ ọn, ẹ fà mọ́ mi díẹ̀. Ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí ni olórí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní yunifásítì kan. Òun ló ń gba ènìyàn síṣẹ́, òun ló ń fọwọ́ sí ìsinmi, òun náà ló yẹ kó máa gbọ́ ẹjọ́ bí nǹkan bá ń dun òṣìṣẹ́ lọ́kàn. Orúkọ tó fẹ́ kí wọ́n máa pe òun ni Aláìlẹ́gbẹ́. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ni. Ó ní òun wo ọ̀tún, òun wo òsì, òun ò rí ẹgbẹ́ òun. Àwọn òṣìṣẹ́ ò bá a jiyàn, torí lóòótọ́ ni kò lẹ́gbẹ́. Ta ni ìbá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ ṣẹgbẹ́?

Bí Aláìlẹ́gbẹ́ bá ń bọ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ikùn rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ yọ, òórùn lọ́fínńdà rẹ̀ á tẹ̀ lé ikùn, ohùn rẹ̀ á tẹ̀ lé òórùn, òun gan-an á wá yọ gbẹ̀yìn. Kì í sọ pé “ẹ káàárọ̀” bí ọmọ ènìyàn. Ohun tó máa ń sọ ni pé, “Òwúrọ̀ yìí ṣoríire, ó bá mi lórí ìdúró.”

Ó ní igbákejì kan, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti tẹríba títí ọrùn rẹ̀ fi gbàgbé ọ̀nà òkè. Bàtà ènìyàn ló fi ń dá ènìyàn mọ̀. Bí Aláìlẹ́gbẹ́ bá sín, Igbákejì á ní, “Ha! Irú sísín yìí! Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ṣé ẹ gbọ́ bí àgbà ṣe ń sín?” Bí Aláìlẹ́gbẹ́ bá sì sọ níta gbangba, nínú oòrùn ọ̀sán gangan, pé ó dà bíi pé òjò ń rọ̀, Igbákejì á ṣí agbòjò.

Ẹ jẹ́ kí n tún sọ ti àpótí ẹ̀sùn fún yín, kí ẹ má baà rò pé ọ́fíìsì náà kò ní òfin. Aláìlẹ́gbẹ́ ní kí wọ́n kan àpótí kan, kí wọ́n kùn ún lọ́dà búlúù, kí òṣìṣẹ́ máa ju ẹ̀sùn sínú rẹ̀. Ibi tó gbé e sí ni orí fèrèsé lẹ́yìn àga tirẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ju ẹ̀sùn síbẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kọ̀wé gbàyè lọ́wọ́ Aláìlẹ́gbẹ́, kó sọ ohun tó ń dùn ún àti ẹni tó fà á. Bó bá jẹ́ Aláìlẹ́gbẹ́ ló fà á, ìdáhùn kì í pẹ́: “A ti wádìí lọ́wọ́ ẹni tí ọ̀rọ̀ kàn. Ó ní kò rí bẹ́ẹ̀.”

Báyìí ni wọ́n ṣe ń bá a lọ, títí àjọ tó ń mójú tó àwọn yunifásítì fi kọ̀wé. Wọ́n ní kí yunifásítì kọ̀ọ̀kan yẹ ara rẹ̀ wò nípa bó ṣe ń lo àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Báwo lẹ ṣe ń gbà wọ́n síṣẹ́? Ṣé ẹ̀ ń gbọ́ tiwọn? Ṣé wọ́n ń rí ìsinmi? Bí olórí wọn ò bá sí nítòsí, báwo ni iṣẹ́ ṣe ń lọ? Kí wọ́n fún ara wọn ní máàkì láti oókan dé márùn-ún, àwọn olùbẹ̀wò yóò wá wo bóyá òótọ́ ni. Ọ̀gá àgbà yunifásítì, bàbá jẹ́jẹ́ kan tí kì í fẹ́ kí omi inú rẹ̀ ó rú, fi ìwé náà lé Aláìlẹ́gbẹ́ lọ́wọ́, ó ní, “Ẹ pe àwọn òṣìṣẹ́ jọ, kí ẹ jọ dáhùn rẹ̀.”

Igbákejì ló ka ìwé náà sókè. Bó ṣe dé orí “àyẹ̀wò ara-ẹni” ni ara rẹ̀ bù máṣọ.

“Ọ̀gá, ṣé ká ti máa múra ọsibítù ni? Láti ìjẹta ni ẹ̀jẹ̀ ríru tèmi ti gbé ara sókè.”

“Kì í ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀,” ni Aláìlẹ́gbẹ́ wí. “Tún un kà. Ara àwọn ni wọ́n kọ síbẹ̀ ni, àbí ara ẹni?”

“Ara ẹni ni, sà.”

“Ẹni mélòó ni ẹni?”

Igbákejì ronú. “Ẹnìkan ṣoṣo ni, sà.”

“Nínú ọ́fíìsì yìí, ta ni ẹnìkan ṣoṣo náà?”

Igbákejì wo bàtà tirẹ̀, ó wo bàtà ọ̀gá rẹ̀, ojú rẹ̀ là. “Ẹ̀yin ni, sà! Ìwé ti dárúkọ yín, àwa la ò mọ̀ ọ́n kà!”

Bí wọ́n ṣe yọ àwọn òṣìṣẹ́ kúrò nínú àyẹ̀wò bí a ṣe ń lo òṣìṣẹ́ nìyẹn. Aláìlẹ́gbẹ́ ní kí wọ́n gbé dígí wá. Ó jókòó síwájú rẹ̀, ó tún táì ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè pẹ̀lú ọ̀wọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ tàwọn òṣìṣẹ́ yín?”

“Mò ń gbọ́,” ni ó dá ara rẹ̀ lóhùn. Kò sì purọ́. Gbígbọ́ ló ń gbọ́, ṣíṣe ni kì í ṣe.

Ó fún ara rẹ̀ ní márùn-ún. Ó wò ó, ó rí i pé márùn-ún yìí náà ni wọ́n máa fún ẹlòmíì tó bá gbìyànjú, ló bá sọ ọ́ di mẹ́fà. Nígbà tó dé ibi tí wọ́n ti bi í léèrè ìrẹ̀lẹ̀, ó fún ara rẹ̀ ní méje, ó sì kọ àlàyé sábẹ́ rẹ̀ pé kò tíì sí ẹni tó rẹ ara rẹ̀ sílẹ̀ láti ibi tó ga tó báyìí. Lórí ọ̀rọ̀ ìsinmi, ó kọ ọ́ pé: “Àwọn òṣìṣẹ́ mi kì í fẹ́ lọ sílé. Bí a bá ní kí wọ́n lọ sinmi, ẹkún ni wọ́n máa ń sun.” Lórí bí iṣẹ́ ṣe ń lọ bí òun ò bá sí, ó kọ ọ́ pé: “Ìṣàkóso mi ti pé débi pé bí mo wà, bí n kò sí, iṣẹ́ á máa lọ geere. Ẹnikẹ́ni kò nílò kí n sọ nǹkan kan fún un.”

Igbákejì kà á, omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní bí òun bá kú, kí wọ́n sin ìwé náà mọ́ òun.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, tó jẹ́ ọjọ́ ìsinmi, Aláìlẹ́gbẹ́ sọ fún ìyàwó rẹ̀ nídìí oúnjẹ. Agbẹ̀bí ni ìyàwó náà ní ọsibítù tó wà lẹ́yìn yunifásítì, obìnrin tí ọwọ́ rẹ̀ yá, tí ẹnu rẹ̀ sì yá jù ú lọ.

“Wọ́n ní kí n yẹ ara mi wò. Mo yege.”

“Ẹ kú oríire. Ta ló fún yín ní máàkì?”

“Èmi ni.”

Ìyàwó gbé ṣíbí sílẹ̀. “Bàbá àwọn ọmọ, ẹ̀yin lẹ bèèrè, ẹ̀yin lẹ dáhùn, ẹ̀yin lẹ ní ẹ gbà á. Àwọn òṣìṣẹ́ yín ńkọ́?”

“Inú wọn ń dùn.”

“Ṣé ẹ bi wọ́n ni?”

“N ò fẹ́ dà wọ́n láàmú.”

Obìnrin náà kàn rọra fa abọ́ ọbẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Ó ti pẹ́ nílé ọkọ, ó mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ ń wọ etí àti ìgbà tó ń gba orí fò.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé nígbà tí Aláìlẹ́gbẹ́ ti kọ ọ́ pé òṣìṣẹ́ òun kì í lọ ìsinmi, ó di dandan kó rí i pé kò sẹ́ni tó lọ. Ó pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má kúrò títí àwọn olùbẹ̀wò yóò fi wá, tí wọn yóò fi lọ. Dírẹ́bà tó fẹ́ lọ wo ìyá rẹ̀ fọwọ́ lérán. Ọkùnrin tó ń tún iná ṣe, tí eyín ń dùn, di ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ mú lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n obìnrin kan wà nínú wọn tí ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kò ṣeé dì mú.

Atẹ̀wé Aláìlẹ́gbẹ́ fúnra rẹ̀ ni. Oyún rẹ̀ ti wọ oṣù ìbí. Èyí tó ní ṣáájú rẹ̀ bàjẹ́ mọ́ ọn lára, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ bá a lọ. Látìgbà náà ni òun àti ọkọ rẹ̀ ti ń retí, tí ìyá ọkọ náà ń retí, tí aládùúgbò pàápàá ń bá wọn retí. Dókítà ti kìlọ̀ fún un pé kó lọ jókòó sílé. Ó kan ilẹ̀kùn, ó wọlé, ó fi ọwọ́ kan di ìbàdí.

“Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́ sà. Nítorí ìsinmi ìbímọ mi ni. Oṣù mi ti pé.”

“Oṣù wo? Wọn ò tíì san owó oṣù.”

“Oṣù oyún ni, sà. Dókítà ní kí n má ṣiṣẹ́ mọ́. Ẹ sì mọ ojú tí mo rí nígbà kan.”

Aláìlẹ́gbẹ́ wo ikùn náà bí ẹni ń wo òṣìṣẹ́ tó pẹ́ dé.

“Ta ló sọ fún un pé àsìkò yìí ló máa wá?”

“Fún ta ni, sà?”

“Ọmọ náà. Ṣé ó mọ̀ pé àwọn olùbẹ̀wò ń bọ̀? Ṣé o bá a sọ ọ́?”

“Ọ̀gá, ọmọ tó wà nínú ni.”

“Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn. Ó wà nínú rẹ, ìwọ wà nínú ọ́fíìsì mi. Abẹ́ mi ló wà.”

“Ọ̀rọ̀ ńlá!” ni Igbákejì ké láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

“Jókòó,” ni Aláìlẹ́gbẹ́ wí fún atẹ̀wé. “Tẹ ohun tí mo bá sọ.”

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ẹ dákun, ẹ má rò pé mò ń fi kún un. Obìnrin náà jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó sì tẹ mẹ́mò kan sí ọmọ inú ara rẹ̀:

“Sí Ọmọ Inú. Láti ọ̀dọ̀ Olórí Ọ̀rọ̀ Òṣìṣẹ́. A ti gbọ́ pé o ní i lọ́kàn láti wá sáyé láìpẹ́. Ọ́fíìsì yìí kò lòdì sí i. Ṣùgbọ́n nítorí iṣẹ́ pàtàkì tó wà nílẹ̀, a ní kí o ní sùúrù níbi tí o wà títí àwọn àlejò wa yóò fi lọ. Bí o bá gbọ́ràn, a ó rántí rẹ bí o bá wáṣẹ́ wá sọ́dọ̀ wa. Bí o kò bá gbọ́ràn, a ó rántí ìyẹn náà.”

Bí ó ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ètè rẹ̀ ń gbọ̀n, kò sì mọ̀ bóyá ẹ̀rín ló ń bọ̀ tàbí ẹkún. Igbákejì ló bá ọmọ fọwọ́ sí i pé ó ti rí i gbà.

Nígbà tí ọjọ́ àbẹ̀wò kù díẹ̀, Igbákejì kó àwọn òṣìṣẹ́ jọ sí gbọ̀ngàn láti kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe láyọ̀.

“Bí àlejò bá bi yín pé báwo ni iṣẹ́, ẹ kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, kí ẹ dáhùn pé kò sírú rẹ̀, kí ẹ tún wá rẹ́rìn-ín.”

“Bó bá wá bi mí pé kí ló ń pa mí lẹ́rìn-ín ńkọ́?” ni ọkùnrin tó ń tún iná ṣe bèèrè, pẹ̀lú ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ tó wú.

“Rẹ́rìn-ín sí ìyẹn náà.”

Àwọn olùbẹ̀wò dé láàárọ̀. Ìyá àgbà kan ló ṣáájú wọn, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin méjì sì tẹ̀ lé e. Ìyá yìí kì í sọ̀rọ̀ sókè. Ó bẹ̀rẹ̀ láti ẹnu géètì.

“Báwo ni iṣẹ́, ọmọ mi?”

Ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì bú sẹ́rìn-ín. “Kò sírú rẹ̀, mà!” Ó tún bú sẹ́rìn-ín.

Ìyá àgbà wò ó. Ó bi ẹni tó ń gbálẹ̀, ìyẹn náà rẹ́rìn-ín, ó sọ bákan náà, ó tún rẹ́rìn-ín. Nígbà tí wọ́n fi dé gbọ̀ngàn, ọ̀kan nínú àwọn ọkùnrin méjì náà ti ń bèèrè wúyẹ́wúyẹ́ bóyá nǹkan kan wà nínú omi wọn.

Aláìlẹ́gbẹ́ ti dúró sórí pèpéle. Ó wọ aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀ tàwọn ọ̀mọ̀wé, èyí tí wọ́n fi ń gba oyè, ó sì bò ó délẹ̀. Nítorí ooru, síńgílẹ́ẹ̀tì nìkan ló wọ̀ sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ló máa mọ̀? Ó ti mú atẹ̀wé rẹ̀ jókòó sórí àga iwájú gan-an, kí àlejò lè rí ikùn náà. Ó ní òun ló jẹ́ ẹ̀rí: ẹni tí inú rẹ̀ bá dùn jù ni inú rẹ̀ máa ń yọ síta.

Ó wúkọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀.

“Ẹ̀yin àlejò wa, ẹ̀yin òṣìṣẹ́ tí ẹ ṣoríire láti jẹ́ tèmi, kí ni òṣìṣẹ́? Òṣìṣẹ́ ni ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Kí wá ni ọ̀gá? Ọ̀gá ni ẹni tó ń jẹ́ kí ẹni tó ń ṣiṣẹ́ mọ̀ pé iṣẹ́ ló ń ṣe. Bí kò bá sí èmi, báwo lẹ ṣe máa mọ̀?”

Igbákejì pàtẹ́wọ́. Àwọn yòókù pàtẹ́wọ́. Láàárín àtẹ́wọ́ náà, atẹ̀wé fi ọwọ́ méjèèjì di àga mú, ó sì kérora.

“Ẹ gbọ́ o!” ni Aláìlẹ́gbẹ́ ké, tó na ìka sí i. “Ẹ gbọ́ bí ọ̀rọ̀ ṣe ń wọ̀ ọ́ lára!”

Ó tún kérora, ó gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ. Obìnrin kan tó jókòó tì í dìde dúró. “Ọ̀gá, omi ti dà o!”

“Omijé ayọ̀ ni!” ni Igbákejì dáhùn. Kò rí ohun tó ń ṣẹlẹ̀, bàtà nìkan ló ń wò. Nígbà tó wá wo bàtà atẹ̀wé, tó rí i pé ó ti tutù, ẹnu rẹ̀ pa dé fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọdún tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́.

“Ẹ jókòó, gbogbo yín!” ni Aláìlẹ́gbẹ́ wí. “Ó ku abala mẹ́rin péré nínú ọ̀rọ̀ mi. Ìwọ, ṣe sùúrù, máa mí díẹ̀díẹ̀. Ṣebí a jọ sọ ọ́?”

Atẹ̀wé gbé ojú sókè, òógùn bò ó. Ó ti ń dákẹ́ fún ọkùnrin yìí tipẹ́, ṣùgbọ́n ìrora kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ọ̀gá.

“Ọ̀gá!” ni ó pariwo, gbogbo gbọ̀ngàn gbọ́ ọ. “Ọmọ ò ka mẹ́mò yín o!”

Ìyá àgbà olùbẹ̀wò yí ojú padà jẹ́jẹ́. “Mẹ́mò wo?”

Gbogbo ènìyàn ti dìde. Àwọn obìnrin gbé atẹ̀wé, ibi tó sì sún mọ́ jù tó ní àga gbọọrọ tí ènìyàn lè nà sí ni ọ́fíìsì Aláìlẹ́gbẹ́, ibẹ̀ ni wọ́n gbé e wọ̀. Dírẹ́bà ti sáré lọ sí ọsibítù lẹ́yìn yunifásítì. Ọkùnrin tó ń tún iná ṣe gbàgbé eyín rẹ̀, ó lọ so gílóòbù tó mọ́lẹ̀ dáadáa mọ́ òkè ibẹ̀. Ẹni tó ń gbálẹ̀ gbé omi kaná. Ẹ̀ṣọ́ ṣí géètì sílẹ̀ gbayawu, ó sì dúró sójú títì tó ń dá mọ́tò dúró kí ọ̀nà lè là. Ẹnìkan pe ọkọ atẹ̀wé. Ẹlòmíràn fi páálí dí fèrèsé kí ojú má baà wọlé; kó tó lè rí i dí, ó ní láti gbé àpótí búlúù kan kúrò níbẹ̀, ó sì jù ú síta.

Lórí pèpéle, Aláìlẹ́gbẹ́ ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ó ka abala kan tán fún àwọn àga òfìfo kó tó rí i pé kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀ ju Ìyá àgbà lọ. Ìyá náà ò pàtẹ́wọ́.

Ó sọ̀kalẹ̀, ó gbọ̀nà ọ́fíìsì rẹ̀ lọ pẹ̀lú ìbínú. Ìyàwó rẹ̀ ló bá lẹ́nu ilẹ̀kùn, pẹ̀lú ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́.

“Ọ́fíìsì mi nìyẹn!”

“Mo mọ̀. Ẹ bọ́ aṣọ yẹn fún mi.”

“Aṣọ oyè mi?”

“Ó mọ́, ó fẹ̀, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́ ni láàárọ̀. Aṣọ tí mo kó wá ò tó. Ẹ bọ́ ọ, Bàbá àwọn ọmọ, kò sí àyè ọ̀rọ̀.”

Ẹ̀yin ará, ọkùnrin tí òwúrọ̀ máa ń ṣoríire láti bá pàdé dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níwájú gbogbo òṣìṣẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, síńgílẹ́ẹ̀tì náà sì ní ihò kan ní ìdodo. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Kì í ṣe pé wọ́n bọ̀wọ̀ fún un. Wọn ò ráyè rí i ni.

Ìyá àgbà wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

“Ta ló rán dírẹ́bà?” ni ó bèèrè.

“N ò mọ̀.”

“Ta ló ní kí wọ́n so gílóòbù?”

“Kì í ṣe èmi.”

“Ẹni tó gbé omi kaná ńkọ́?”

Aláìlẹ́gbẹ́ fi ọwọ́ bo ihò ìdodo rẹ̀. Igbákejì rí àyè, ó sún mọ́ Ìyá àgbà, ó tẹríba mọ́lẹ̀. “Ìyá wa, bí ẹ ṣe jókòó yìí, bẹ́ǹṣì pàápàá mọ̀ pé...”

“Gbé ojú sókè,” ni Ìyá àgbà wí, “kí n mọ ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀.”

Igbákejì gbìyànjú, gbìyànjú. Ọrùn ò lọ.

Ìgbà yẹn ni ọmọ ké. Igbe náà mú, ó sì gùn. Gbogbo ọ̀dẹ̀dẹ̀ hó yè. Dírẹ́bà ń fò sókè bí ẹni tó bí i. Ìyàwó Aláìlẹ́gbẹ́ yọ sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ọmọ obìnrin kan nínú aṣọ dúdú gbàgẹ̀rẹ̀. Ó ní ìyá wà láàyè, ọmọ wà láàyè. Ó wá wo ọkọ rẹ̀, ó rọ ohùn sílẹ̀ kí ó lè jẹ́ pé òun nìkan ló gbọ́: “Okùn ìwọ́ yí i lọ́rùn. Ká ní ẹ mú ìyá rẹ̀ jókòó díẹ̀ sí i, òkú là bá gbé jáde.”

Aláìlẹ́gbẹ́ wo ọmọ náà. Nǹkan kan ṣe é, tí kì í ṣe ebi, tí kì í sì í ṣe ìbínú. Kò mọ orúkọ rẹ̀, torí kò ṣe é rí.

Mo rò pé bó bá jẹ́ pé nǹkan yẹn dúró lára rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, ìtàn yìí ìbá yí padà. Ṣùgbọ́n ó sùn, ó jí, ó fárùngbọ̀n, ó rí dígí.

Ìgbìmọ̀ yunifásítì jókòó lórí ọ̀rọ̀ náà. Ọ̀gá àgbà yunifásítì, tí omi inú rẹ̀ ti wá rú báyìí, pe Aláìlẹ́gbẹ́ síwájú wọn. Ìyá àgbà olùbẹ̀wò wà níbẹ̀.

“A yẹ gbogbo ohun tí ẹ kọ wò,” ni Ìyá àgbà wí. “Wọ́n ń gbọ́ ẹ̀sùn: irọ́. Òṣìṣẹ́ ń sunkún bí ẹ bá fún wọn nísinmi: irọ́. Ẹ̀kan ṣoṣo ló jọ òótọ́ lójú wa. Ẹ ní bí ẹ wà, bí ẹ ò sí, iṣẹ́ ń lọ geere. Ìyẹn, a fi ojú wa rí i. Bó bá sì jẹ́ òótọ́, kí ni yunifásítì ń fi ipò yín ṣe?”

Ọ̀gá àgbà yunifásítì káàánú rẹ̀, ó na ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ sí i. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kàn sọ pé àsọdùn ni. Ẹ ní ẹ purọ́ síbẹ̀ díẹ̀, pé ẹ̀ ń ṣe nǹkan kan níbẹ̀. A ó bá yín wí, ẹ ó sì padà sẹ́nu iṣẹ́ yín.”

Ẹ wo bí ọ̀nà àbáyọ ṣe tẹ́ pẹrẹsẹ. “Mo purọ́,” ọ̀rọ̀ kékeré. Ọmọdé ń sọ ọ́ bí wọ́n bá mú un nídìí ìkòkò ọbẹ̀. Aláìlẹ́gbẹ́ gbé e sẹ́nu, ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún. Láti sọ ọ́, ó ní láti gbà pé ìṣàkóso òun kò pé. Ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó tún táì rẹ̀ ṣe.

“Òótọ́ ni,” ni ó wí. “Ìṣàkóso mi pé. Ẹnikẹ́ni kò nílò mi.”

Ẹnu ẹyẹ ní ń pa ẹyẹ, ẹnu òrofó ní ń pa òrofó. Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ bó ṣe sọ ọ́, wọ́n dìbò, wọ́n pa ipò náà rẹ́. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gan-an. Nígbà tó délé, ìyàwó rẹ̀ bi í pé kí ni wọ́n sọ, ó ní gbogbo wọn fara mọ́ èrò òun.

Ó jókòó sílé. Ó gbìyànjú láti ṣàkóso ilé, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ ní kó lọ gba afẹ́fẹ́ níta. Ó rìn síhìn-ín, ó rìn sọ́hùn-ún, títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi gbé e dé yunifásítì láàárọ̀ ọjọ́ kan. Ọmọbìnrin kan tí kò mọ̀ ọ́n rí ló wà nídìí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, ẹni tí wọ́n fi dípò títí ìyá ọmọ yóò fi dé láti ìsinmi rẹ̀.

“Ẹ káàárọ̀ sà. Ta lẹ fẹ́ rí?”

“Mo fẹ́ rí ọ̀gá.”

“Kò sí ọ̀gá níbí, sà. Àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ló máa ń jọ jókòó sọ ọ́. Ẹ sọ ohun tí ẹ fẹ́.”

Aláìlẹ́gbẹ́ ronú. Ó yà á lẹ́nu pé nínú gbogbo ọdún tó lò níbẹ̀, kò sẹ́ni tó bi í bẹ́ẹ̀ rí, òun náà ò sì bi ẹnikẹ́ni. Kò mọ ohun tó fẹ́.

Ìgbà tó ṣì ń wá ìdáhùn, ilẹ̀kùn ṣí. Dírẹ́bà àti ọkùnrin tó ń tún iná ṣe ń ti kọ́bọ́ọ̀dù onírin kan bọ̀, ó há sí ẹnu ọ̀nà, òógùn ń bò wọ́n. Dírẹ́bà gbójú sókè pẹ̀lú òógùn lójú, kò wo ojú ẹni náà dáadáa, ó kàn rí ọkùnrin kan tó dúró lásán.

“Bàbá, ẹ dákun, ẹ bá wa gbé ẹsẹ̀ kan sókè.”

Kò sẹ́ni tó pè é ní Bàbá lásán bẹ́ẹ̀ rí níbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀ bóyá ẹlòmíràn ni wọ́n ń bá wí. Kò sí ẹlòmíràn. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó bẹ̀rẹ̀, ó ki ọwọ́ bọ abẹ́ irin náà, ó sì gbé e. Ó wúwo púpọ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gé e ní ìka.

“Ẹ rọra, Bàbá,” ni dírẹ́bà wí. “Ẹ jẹ́ ká jọ gbé e.”